Ṣé sítáàṣì gbágùúdá lè rọ́pò bẹ́ntónáìtì nínú pẹ́lẹ́ẹ̀tì irin?

ỌmọAjílété (ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa irin ò wọ́n níbí.

Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń kàwé, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́. Òkúta irin Itakpe ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, irin inú òkúta Itakpe kò ju nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, iyanrìn ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Wọ́n gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kúnná kí wọ́n tó lè ya irin sọ́tọ̀. Ìyẹ̀fun dúdú tó bá jáde kò ṣe é dà sínú ìléru bẹ́ẹ̀: á dí ọ̀nà mọ́ atẹ́gùn, atẹ́gùn á sì gbá èyí tó bá fúyẹ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí i ní róbótó róbótó, bíi mílímítà 9 sí 16, tí wọ́n ń pè é ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á wá sun ún títí á fi le.

Ohun tó pọ̀ jù tí wọ́n fi ń mú ìyẹ̀fun náà lẹ̀ mọ́ra, ìyẹn báíńdà, ni bẹ́ntónáìtì, amọ̀ kan tó máa ń wú tó bá mu omi. Èmi fẹ́ fi sítáàṣì gbágùúdá rọ́pò rẹ̀, torí gbágùúdá ló yí wa ká níbí. Ní tútù, ó dúró. Nígbà tó gbẹ, ó tilẹ̀ le ju ti bẹ́ntónáìtì lọ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ tí mo bá kó o sínú iná, tí mo yọ díẹ̀ wò nígbà tó dé nǹkan bí 600°C, ṣe ló ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ló fà á? Ṣé kí n pa sítáàṣì tì ni?

Bàbá_Onírin (ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Má pa á tì. Ilé-iṣẹ́ irin ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ọ̀yọ́, ìbéèrè rẹ yìí sì dùn mọ́ mi débi pé mo fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí o rí yẹn, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Gbogbo báíńdà tó bá ti ara ewéko wá ló ń jóná. Sítáàṣì á ti máa jó dànù ní nǹkan bí 300°C. Àwọn hóró irin fúnra wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ara wọn dáadáa títí iná á fi kọjá 1100°C. Nígbà tí èkíní ti lọ, tí èkejì ò tíì dé, kí ló di pẹ́lẹ́ẹ̀tì náà mú? Kò sí nǹkan gidi kan. Bẹ́ntónáìtì kì í jóná ní tirẹ̀, amọ̀ ni. Omi ara rẹ̀ á lọ, òun fúnra rẹ̀ á dúró láàárín hóró, títí iná á fi gbóná tó láti yọ́ ọ di nǹkan bíi gíláàsì.

O wá lè bi mí pé, tí bẹ́ntónáìtì bá dára tó báyìí, kí ni a tún ń wá kiri? Ẹ̀bi rẹ̀ náà ni pé kì í lọ. Kílò 5 sí 10 ni wọ́n ń pò mọ́ tọ́ọ̀nù kan ìyẹ̀fun. Ká ní kílò 10 ni, ó lé ní kílò 6 nínú rẹ̀ tó jẹ́ síílíkà, ohun kan náà tó wà nínú iyanrìn. Ẹ ti náwó nára láti lọ iyanrìn kúrò lára irin, ẹ tún wá fọwọ́ ara yín dá a padà! Síílíkà yìí á di ìdàrọ́ nínú ìléru, ìdàrọ́ á gba ẹfun òkúta, á gba iná, á gba owó.

Ní Ajaokuta tí wọ́n kọ́ ìléru gíga tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí, ìyẹ̀fun tí irin inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 63 sí 64 ni wọ́n ṣètò láti lò. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ irin Aladja, tí wọ́n ṣí ní 1982, fi gáàsì fa ọ́síjìn kúrò lára irin láì yọ́ ọ ni, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi iná mànàmáná yọ́ ọ. Ìléru irú èyí kì í rí ìdàrọ́ dà nù ní ìbẹ̀rẹ̀: gbogbo iyanrìn tó bá bá pẹ́lẹ́ẹ̀tì wọlé, ìdí iná mànàmáná ni yóò bá a dé. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń béèrè ìyẹ̀fun ìdá 67 sí 68. Ibẹ̀ gan-an ni báíńdà ewéko ti wúlò jù: ó ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó jóná, ó lọ, ihò wẹ́wẹ́ tó fi sílẹ̀ á tún jẹ́ kí gáàsì ráyè wọ inú pẹ́lẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè méjì ni mo ní fún ọ. Irú ìyẹ̀fun Itakpe wo ló wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà (magnetite) ló pọ̀ nínú rẹ̀ ni àbí hematite, èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà bẹ́ẹ̀? Èkejì, kí ló dé tí o fi ń yọ ọ́ ní 600°C?

Ìyá_Onígàrí_Arówómọ́lẹ̀ (ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò mọ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, àmọ́ sítáàṣì ni iṣẹ́ mi. Ọmọ mi, báwo lo ṣe se é? Sítáàṣì tí iná kò kàn kì í lẹ nǹkan kan. Tí o bá bù ú sínú omi tútù, á dà bí ẹní lẹ̀, tó bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀.

ỌmọAjílété (ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Àdàlù ni ìyẹ̀fun náà, àmọ́ èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà ló pọ̀ jù. Mo ń yọ ọ́ ní 600°C torí mo fẹ́ mọ ipò tó wà kí iná tó dé òkè pátápátá. Mo rí i kà pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá, ẹ kú alẹ́ mà. Mo se é bí èyí tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ: mo fi omi tútù díẹ̀ pò ó, mo wá da omi híhó lé e, mo ń rò ó títí ó fi mọ́ gaara. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ó máa ń ki jù. Ọ̀rinrin tí pẹ́lẹ́ẹ̀tì lè gbà kò ju ìdá 8 sí 10 lọ. Nínú kílò kan ìyẹ̀fun irin, omi tí mo ní kò ju nǹkan bíi gíráàmù 90 lọ, inú rẹ̀ náà ni sítáàṣì gíráàmù 5 gbọ́dọ̀ wà. Tó bá ti tutù báyìí, ṣe ló ń dì ní kókó kókó, kì í tàn ká inú ìyẹ̀fun.

Ìyá_Onígàrí_Arówómọ́lẹ̀ (ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́)

Ẹn-ẹn, mo ti gbọ́ ọ báyìí. Má fi tútù pò ó rárá. Sè é kó ṣàn dáadáa, kó má ki, kó o dà á pẹlẹbẹ sórí ọ̀rá tó mọ́ nínú oòrùn. Kó fẹ́lẹ́ o, tó bá nípọn, ẹ̀yìn ló máa gbẹ, inú á kan. Tó bá ti gbẹ, á máa ṣí fúnra rẹ̀ bí awọ ẹyin, á sì máa ta kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tí o bá ṣẹ́ ẹ. Lọ̀ ọ́, kó o fi asẹ́ tó ní ojú wẹ́wẹ́ sẹ́ ẹ. Ìyẹ̀fun yẹn ti jinná, omi tútù ló máa fi lẹ̀. Gbígbẹ ni kó o pò ó mọ́ irin rẹ kó tó kan omi.

Má sì tọ́jú èyí tó tútù di ọjọ́ kejì. Nínú ooru yìí, ó ti kan nìyẹn, èyí tó bá ti kan kì í fà mọ́.

Kẹ́mísírì_Akẹ̀sán (ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì. Ohun tí Ìyá sọ yẹn, kẹ́mísírì gidi ni. Inú hóró kékeré kékeré ni sítáàṣì máa ń wà ní dídì. Tí omi tó gbóná tó 60 sí 70°C bá kàn án, hóró náà á wú, á là, àwọn okùn gígùn gígùn inú rẹ̀ á wá tú jáde. Okùn wọ̀nyẹn ló ń so hóró irin kan mọ́ èkejì. Ohun tí Ìyá ní kó o lọ̀ yẹn, okùn rẹ̀ ti tú sílẹ̀ ná kó tó gbẹ.

Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe sítáàṣì nìkan ló wà. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ròkè jù nínú báíńdà ewéko fún irin ni CMC, ìyẹn carboxymethyl cellulose. Láti ara cellulose, bíi ti igi tàbí òwú, ni wọ́n ti ń ṣe é. Òun ló wà nínú báíńdà tí wọ́n ń tà ní Peridur. Okùn tirẹ̀ ní apá tó ń di ojú irin mú gírígírí ju ti sítáàṣì lọ, nítorí náà díẹ̀ ló ń gbà, bíi ìdá 0.05 sí 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn kò tó kílò kan nínú tọ́ọ̀nù lọ́pọ̀ ìgbà. Ó wọ́n ju amọ̀ lọ fíìfíì ní kílò kan sí kílò kan, àmọ́ ìwọ̀nba tó ń gbà ló mú kó ṣe é rò.

Wo omi tí o ń lò náà. Omi kàǹga ní apá ibòmíràn nílẹ̀ wa kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Kálísíọ́mù àti magnesium ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń di okùn CMC pọ̀ kó má lè tàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó pọ̀ mọ́ soda ash, ìyẹ̀fun funfun kan tí sodium wà nínú rẹ̀. Sodium ló pọ̀ jù nínú káún tí àwọn ìyá wa ń sọ sínú ewédú náà, ìbátan soda ash ni. Mo rò pé ó yẹ ní dídán wò.

Bàbá_Onírin (ọjọ́ Ajé, 10:41 alẹ́)

Tíṣà, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra pẹ̀lú káún. Ní yàrá ìdánwò, kò burú. Nínú ìléru gíga, sodium àti potassium kì í jáde bọ̀rọ̀. Ooru ìsàlẹ̀ á sọ wọ́n di èéfín, wọ́n á gòkè, wọ́n á tutù, wọ́n á tún bá ẹrù sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa yí po níbẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á máa jẹ bíríkì ìléru, pẹ́lẹ́ẹ̀tì náà á máa wú, á máa fọ́. Káún ọjà kì í sì í ṣe ọ̀kan náà láti àpò kan sí èkejì. Tí ọmọ yìí bá fẹ́ ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíì lè tún ṣe kó sì rí ohun kan náà, kó lo soda ash tí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ mi, ìdáhùn rẹ nípa mágínẹ́ẹ̀tì mú inú mi dùn. Magnetite máa ń gba ọ́síjìn bó ṣe ń gbóná, á di hematite, á sì mú ooru tirẹ̀ wá pẹ̀lú. Kì í dúró de 1100°C kó tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún mélòó kan ló ti ń ta afárá tín-ín-rín láàárín hóró. Afárá yẹn lè rọ́pò sítáàṣì tó ti jó lọ, bí o bá fún un láyè. Nítorí náà, fa iná rẹ lọ́ra láàárín 300 sí 900°C, kí atẹ́gùn sì ráyè wọlé dáadáa. Sítáàṣì tó ń jó náà ń fẹ́ ọ́síjìn, tí o bá ti ilẹ̀kùn ìléru pa, òun àti magnetite ni wọ́n á jọ máa jà á gbà.

Ìdí tí mo fi bi ọ́ nípa 600°C ni èyí. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà sun pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀kan, pẹ́lẹ́ẹ̀tì á jókòó jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì irin tó ń rìn, láti gbígbẹ títí dé 1300°C, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ní èkejì, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á yá a díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wá dà á sínú ọ̀pá ńlá kan tó ń yí bìrí, ibẹ̀ ni yóò ti máa gbá ara rẹ̀ títí á fi jinná. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ń rún ní 600°C lè la ti àkọ́kọ́ já. Ti èkejì á sọ ọ́ di eruku. Kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ pé èyí wo ni ò ń rò.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:35 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí l'Ọ́yọ̀ọ́, inú mi dùn láti rí i pé ọ̀rọ̀ òkúta irin tún ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ilé ìyọ́rin kan ní Ola-Igbi, lẹ́bàá Ọ̀yọ́ níbí. Àwọn ènìyàn wa ń wa òkúta, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fi omi ṣàn án, wọ́n sì ń fi èédú yọ́ ọ. Àwọn kò nílò pẹ́lẹ́ẹ̀tì, torí ìléru wọn kò ga, ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ kò wúwo. Ìléru tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fa gbogbo wàhálà báíńdà yìí.

Mo ní ìmọ̀ràn kan. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lo bórákìsì láti mú kí ojú wúrà mọ́, kó lè jó wọ ara. Ó máa ń yọ́ kí irin tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣé kò lè wọ àlàfo tí Bàbá ń sọ yìí, láti ìgbà tí sítáàṣì bá ti jó lọ títí irin á fi di ara rẹ̀ mú?

Bàbá_Onírin (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, ọmọ alágbẹ̀dẹ! 740°C àti díẹ̀ ni ìwọ̀n ooru tí bórákìsì ń yọ́, àárín àlàfo náà gan-an nìyẹn. Àwọn olùwádìí ti ń pa ohun tó ní boron, bíi bórákìsì, pọ̀ mọ́ báíńdà ewéko fún ìdí yìí kan náà. Díẹ̀ ni o, kó má tó ti bẹ́ntónáìtì rárá, torí sodium ló wà nínú bórákìsì pẹ̀lú, mo sì ti sọ ohun tí ìyẹn ń ṣe. Ọ̀nà kejì tún wà: kó má lé bẹ́ntónáìtì jáde tán. Kó dín in kù sí ìdajì tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin, kí sítáàṣì gbé ìyókù. Èmi fẹ́ràn èyí jù.

Ọ̀rọ̀_Ajé_Tákìé (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè tí kò dùn. Gbágùúdá tí à ń jẹ lẹ fẹ́ kó sínú iná yìí o. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe pẹ́lẹ́ẹ̀tì mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún, kí sítáàṣì sì jẹ́ ìdá 0.5. Tọ́ọ̀nù 5,000 sítáàṣì nìyẹn. Gbágùúdá tútù kì í sábà mú ju ìdá 20 sí 25 sítáàṣì wá, nítorí náà ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20,000 sí 25,000 gbágùúdá. Ta ni gàrí máa wọ́n fún?

ỌmọAjílété (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ ká béèrè. Àmọ́ gbágùúdá tí Nàìjíríà ń kórè lọ́dún tó nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Tọ́ọ̀nù 25,000 kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ lójú kan, ní àkókò kan náà, tí ọjà àdúgbò yẹn á sì gbóná.

Ìyá_Onígàrí_Arówómọ́lẹ̀ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò tíì wo ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wò. Tí a bá rin gbágùúdá tán, tí a kó o sínú àpò, tí a sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi funfun ló ń ṣàn jáde. Ẹ lọ wo ìdí ẹ̀rọ wa: inú gọ́tà ni omi yẹn ń gbà lọ, ilẹ̀ tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, koríko kì í hù dáadáa, òórùn rẹ̀ ò sì ṣe é fara dà. Tí ẹ bá gbe omi yẹn sínú ọpọ́n, kó tòrò, sítáàṣì ló máa dì sísàlẹ̀ rẹ̀. Àwa mìíràn ń gbà á, ọ̀pọ̀ ni kò ráyè. Ṣebí gàrí ti kúrò lára rẹ̀ ná? Ìyẹn ni kí ẹ wá rà lọ́wọ́ wa. Kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, gọ́tà wa á sì mọ́.

Ọ̀rọ̀_Ajé_Tákìé (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:11 ọ̀sán)

Ìyá, ẹ ti dá mi lóhùn. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn.

Kẹ́mísírì_Akẹ̀sán (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Kí o ṣàn án o, ọmọ. Èyí tó bá tòrò nídìí ẹ̀rọ máa ń ní iyanrìn àti èèpo nínú. Tí o kò bá ṣàn án mọ́, síílíkà tí à ń sá fún lo tún gbé wọlé yẹn. Sun díẹ̀ nínú rẹ̀ di eérú, kó o wọn eérú tó kù, o máa mọ ibi tó dé.

ỌmọAjílété (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:55 alẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe báyìí ni kí n yí oríṣi mẹ́rin: bẹ́ntónáìtì nìkan, sítáàṣì jíjinná nìkan, sítáàṣì pẹ̀lú bẹ́ntónáìtì díẹ̀, àti sítáàṣì pẹ̀lú bórákìsì. Ọ̀nà iná kan náà ni gbogbo wọn máa gbà. Bàbá, ìwọ̀n wo ni kí n fi mọ̀ pé èyí ṣe é lò?

Bàbá_Onírin (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:26 alẹ́)

Ní tútù, jù ú láti òkè sẹ̀ǹtímítà 45 sórí páànù irin, kó o ka iye ìgbà tó bọ́ kó tó sán. Tí kò bá tó ìgbà mẹ́rin, pò ó ní àpòtún. Ẹrù tó máa fọ́ ọ ní tútù kò gbọ́dọ̀ dín ní nǹkan bíi kílò kan, ní gbígbẹ kó lé ní kílò méjì. Èyí tó bá ti jinná ní 1300°C gbọ́dọ̀ gbé 200 kílò ó kéré tán, tó bá tó 250, ó dára. Má fi ẹyọ kan ṣoṣo ṣèdájọ́. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó jáde nínú agbada kan náà tí a fi ń yí i kì í lágbára bákan náà, kó o yan àwọn tí títóbi wọn bára mu.

Wọn agbára rẹ̀ ní 600°C, kó o tún wọ̀n ọ́n ní 900°C. Èyí tó ní bórákìsì gbọ́dọ̀ ti yàtọ̀ ní 900°C. Tí kò bá yàtọ̀, á jẹ́ pé kò pò dáadáa, tàbí pé ó kéré jù. Lọ bórákìsì náà kúnná, kó o pò ó mọ́ sítáàṣì gbígbẹ kó o tó kó méjèèjì sínú ìyẹ̀fun irin. Omi ni kó o fi kẹ́yìn, kó o máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ bí agbada ṣe ń yí.